Aláboyún pọ̀ nílé, kí ló dé tí agbẹ̀bí tó ti òkè òkun dé ń jókòó láìríṣẹ́?

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ àbúrò mi kan ti Ìlú Ọba dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí agbẹ̀bí. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi kọ́ ọ ní fásitì. Lọ́hùn-ún, akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ gbẹ̀bí ogójì obìnrin kó tó yege, nítorí náà kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́. Mo tẹ̀ lé e lọ sí iléèwòsàn aládàáni kan ní Èkó tí wọ́n ní àwọn ń wá agbẹ̀bí. Mátíróònù ibẹ̀ gba ìwé, ó yẹ iwájú rẹ̀ wò, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ sórí tábìlì.

“Nọ́ọ̀sì rẹ dà?”

“Ẹ má bínú, mà. Agbẹ̀bí ni mo kọ́, mi ò kọ́ nọ́ọ̀sì.”

“Agbẹ̀bí nìkan, ọmọ mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ìwé Kánsù ńkọ́?”

Ọmọ náà ṣí fóònù rẹ̀, ó fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n fún un ní Ìlú Ọba hàn án. Mátíróònù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ká lọ palẹ̀ ìwé mọ́ ná ká tó padà wá. A ò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá níwájú rẹ̀.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbẹ̀bí nílẹ̀ yìí, mo sì mọ̀ pé kò sí ìbéèrè kan tí obìnrin yẹn bi wá tí kò tọ́. Àwa ará ilé ni a ò là á yé ọmọ kó tó wọ bàálù. Látìgbà náà, bí òbí kan bá pè mí pé ọmọ òun fẹ́ padà wálé wá ṣe agbẹ̀bí, ohun kan náà ni mò ń sọ, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́ lórí fóònù.

Àìní lọ́tọ̀, àyè iṣẹ́ lọ́tọ̀

Ohun tó ń da gbogbo wọn lójú rú ni pé ariwo àìtó agbẹ̀bí ni wọ́n ń gbọ́. Ariwo náà kì í sì í ṣe irọ́. Nínú ìṣirò àjọ ìlera àgbáyé fún ọdún 2023, nǹkan bí 75,000 obìnrin ló kú nídìí oyún tàbí ìbímọ ní Nàìjíríà, ìyẹn sì ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé lọ. Ìwádìí tí ìjọba ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí wọ́n ń bí, 43 péré ni wọ́n bí lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìlera. Àwọn yòókù, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni, tàbí ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni ò sí. Èèyàn á gbọ́ èyí, á ní ó kéré tán iṣẹ́ á ti dúró sílẹ̀ de ọmọ òun.

Àmọ́ aláboyún kọ́ ló ń gbani síṣẹ́. Kí àìní tó wà ní abúlé kan tó di iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún, ẹnì kan ní láti kọ ọ́ sínú ètò ìnáwó ọdún, ẹlòmíì á fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gba èèyàn, wọ́n á wá polówó rẹ̀, owó á sì tún máa wọlé lóṣooṣù. Ibi tó bá ti já nínú okùn yìí, àìní á wà níbẹ̀, agbẹ̀bí náà á sì jókòó sílé bàbá rẹ̀. Mo ti rí ìlú tí ilé ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé rẹ̀ kò ní agbẹ̀bí kankan, tí agbẹ̀bí méjì tó jẹ́ ọmọ ìlú náà sì ń ta aṣọ òkìrìkà lọ́jà.

Ẹ má rò pé tiwa nìkan ni. Ní Ìlú Ọba gan-an, wọ́n ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pariwo pé agbẹ̀bí ò tó, síbẹ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ń wá iṣẹ́ tì, débi pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ìjọba ibẹ̀ kéde ètò kan láti rí i pé nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tuntun ríṣẹ́ ṣe. Ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, tó nílò ẹni tó máa gbà á síṣẹ́ kó tó lè dúró, mọ̀ ọ́n lára ju ọmọ onílùú lọ. Ó wà lára ohun tó ń mú kí àwọn kan máa wo ọ̀nà ilé báyìí.

“Nọ́ọ̀sì rẹ dà?”

Ìbéèrè yìí ló ń ya àwọn tó ti òkè òkun dé lẹ́nu jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, iṣẹ́ agbẹ̀bí dá dúró gedegbe. Èèyàn lè kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ láìfẹsẹ̀ kan iléèkọ́ nọ́ọ̀sì rárá, kò sì sẹ́ni tó máa fojú kéré rẹ̀. Nílé, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbà. Ọdún mẹ́ta la fi kọ́ nọ́ọ̀sì, a gba RN, a tún wá fi bí oṣù méjìdínlógún kọ́ agbẹ̀bí lé e lórí, a gba RM. Àwọn tó gba BNSc, ìyẹn oyè nọ́ọ̀sì, ní fásitì pàápàá ń jáde pẹ̀lú méjèèjì. Òótọ́ ni pé iléèkọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ agbẹ̀bí nìkan fún ọdún mẹ́ta wà nílé náà, ìwé wọn sì bófin mu. Ẹni tó bá ti òkè òkun dé pẹ̀lú ìwé agbẹ̀bí nìkan, ẹgbẹ́ àwọn yẹn ni wọ́n máa tò ó sí.

Níbo wá ni ìṣòro wà? Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ni. Iléèwòsàn aládàáni tó ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá fẹ́ ẹni tó máa gbẹ̀bí láàárọ̀, tó máa fa dírípù sára bàbá tí ibà dá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, tó sì máa di ojú egbò ọmọ tó jábọ́ lórí ọ̀kadà lálẹ́. Owó oṣù ẹnì kan ló fẹ́ fi ra iṣẹ́ ẹni mẹ́ta. Bí agbẹ̀bí bá ní òun ò lè fọwọ́ kan bàbá oníbà torí pé ìwé òun ò gbà á láyè, òótọ́ ló sọ, wọ́n á sì kí i pé ó dàbọ̀.

Ibi tí ìwé agbẹ̀bí nìkan ti níyì ni ibi tí ìbímọ ti pọ̀ tó láti gba èèyàn lọ́wọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀: irú Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu n'Ìbàdàn, iléèwòsàn àwọn aláboyún ní Lagos Island, tàbí iléèwòsàn ìyá àti ọmọ tí ìjọba Oǹdó ṣí ní Àkúrẹ́ ní 2010 lábẹ́ ètò Abíyè. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi agbẹ̀bí léèrè dírípù bàbá oníbà. Àwọn àjọ aládàáni tó ń ṣe ìdálẹ́kọ̀ọ́ fún aláboyún náà ń gba agbẹ̀bí, irú Wellbeing Foundation Africa tí àwọn agbẹ̀bí wọn ń kọ́ àwọn aláboyún ní kíláàsì MamaCare. Iṣẹ́ yìí dùn fún ẹni tó bá ti Ìlú Ọba dé, nítorí ọ̀rọ̀ sísọ àti sùúrù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n sì ti kọ́ wọn ní méjèèjì dáadáa lọ́hùn-ún.

Bí ọmọ yín bá ṣì wà nílé-ìwé lókè òkun, tó sì dá a lójú pé ilé lòun máa padà sí, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó wò ó bóyá ó lè gba ìwé nọ́ọ̀sì mọ́ ọn kó tó máa bọ̀. Ó máa jẹ owó àti ọdún, àmọ́ ó máa ṣí irú ilẹ̀kùn tí èmi àti ọmọ àbúrò mi kàn tì l'Ékòó.

Ìwé Kánsù

Kánsù tí mátíróònù ń sọ kì í ṣe káńsù ìbílẹ̀ tó ń gbowó ọjà o. Bí àwa nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ṣe ń pe Nursing and Midwifery Council of Nigeria nìyẹn, àjọ tí òfin ọdún 1979 gbé kalẹ̀ láti pa ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì àti ti agbẹ̀bí pọ̀ sójú kan. Àbújá ni olú ilé-iṣẹ́ wọn wà. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbẹ̀bí gẹ́gẹ́ bí agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà tí orúkọ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn, ì báà jẹ́ pé London ló ti kọ́ṣẹ́ tàbí Ọ̀yọ́. Ìwé Ìlú Ọba ò ṣiṣẹ́ níbí, gẹ́gẹ́ bí ìwé tiwa náà ò ṣe ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún títí wọn ó fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí wọ́n máa béèrè kò ju ohun tí ọgbọ́n orí gbé lọ: ìwé ẹ̀rí, èsì ẹ̀kọ́ látọ̀dọ̀ fásitì, èsì WAEC tàbí irú rẹ̀, àti lẹ́tà látọ̀dọ̀ àjọ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti kọ́ṣẹ́, pé orúkọ rẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹjọ́ lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́tà yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Àjọ sí àjọ ló ń lọ. Èèyàn kì í dì í sínú báàgì wálé. Ẹni tó bá ti wà n'Ìbàdàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ̀wé sí London pé kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Àbújá yóò lo àsìkò. Ẹni tó bá béèrè fún un nígbà tó ṣì wà lọ́hùn-ún, tó sì ti san owó rẹ̀, á bá a níwájú.

Ohun kejì tó ń dá wọn dúró kéré lójú, àmọ́ ó burú: orúkọ. Ọmọ àbúrò mi yìí ń jẹ́ Àkànkẹ́ nínú ìwé WAEC, Àkànkẹ́ ò sí nínú ìwé fásitì rẹ̀, orúkọ ọkọ ló sì wà nínú páásípọ́ọ̀tù tuntun. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n rò pé ó kọ̀wé. Kóòtù la lọ búra, a gbé e sínú ìwé ìròyìn, ìyẹn nìkan gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lẹ́yìn ìwé, Kánsù lè ní kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ lókè òkun lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ àmójútó ní iléèwòsàn tí wọ́n fọwọ́ sí kó lè mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nílé. Àwọn kan ń rí i bí ìwọ̀sí. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú. Kí ẹ ṣáà fi oṣù sọ́kàn, kì í ṣe ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì ní owó oúnjẹ tó máa gbé e la àkókò náà kọjá. Bí ìwé àṣẹ bá jáde, ọdún mẹ́ta mẹ́ta là ń tún un ṣe.

Kí ó má sì jẹ́ kí ti Ìlú Ọba kú. Ọdọọdún ni wọ́n ń san owó rẹ̀, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń béèrè pé kí agbẹ̀bí fi wákàtí 450 iṣẹ́ hàn. Iṣẹ́ tó ṣe nílé lè wọ inú rẹ̀ bó bá kọ ọ́ sílẹ̀ létòlétò. Ẹni tó jẹ́ kó kú, tó wá yí ọkàn padà lọ́dún kẹrin, yóò fi ojú rẹ̀ rí i. Bó bá sì jẹ́ ìwé tiwa ló fẹ́ gbé lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, kó rántí ìlànà tí Kánsù gbé jáde ní oṣù kejì 2024, pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé òun fún àjọ òkè òkun gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó gbàwé àṣẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì tú síta ní Àbújá àti Èkó lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ti NYSC ò gùn. Ẹni tó gboyè kó tó pé ọgbọ̀n ọdún ní láti sìn, ì báà ti lé ní ọgbọ̀n nígbà tó máa dé. Ẹni tó ti kọjá ọgbọ̀n nígbà tó gboyè á gba ìwé ìyọ̀ǹda. Iléeṣẹ́ ìjọba ò ní gbà á láìsí ọ̀kan nínú méjèèjì. Tó bá lè ti ní ìwé Kánsù kó tó wọ ibùdó, iléèwòsàn ni wọ́n á fẹ́ fi sí, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti mọ ọwọ́ rẹ̀. Mo mọ mẹ́ta tí ibi tí wọ́n ti sìn ní kí wọ́n dúró.

Àwọn tó lọ sí Kútọnu tàbí Tógò ní láti ṣọ́ra ju gbogbo wa lọ. Lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan gba ìwé ẹ̀rí fásitì ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Kútọnu wà, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, ìjọba àpapọ̀ dá àyẹ̀wò ìwé láti orílẹ̀-èdè méjèèjì dúró ní oṣù kìíní 2024, nígbà tó sì yá wọ́n sọ pé fásitì bíi mélòó kan péré làwọn mọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó fi òógùn ojú kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí níbẹ̀ wá ń jẹ nínú ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Kó lọ mọ̀ bóyá iléèwé rẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n mọ̀ kó tó ná kọ́bọ̀ kan sórí ohun mìíràn, kó sì wá ẹni tó máa túmọ̀ ìwé rẹ̀ láti èdè Faransé lọ́nà tó bófin mu.

Ibi tí iṣẹ́ wà, àti iye tí wọ́n ń san

Iléèwòsàn ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo èèyàn ń lé: UCH, LUTH, ti Ifẹ̀, FMC Abẹ́òkúta, ti Ọ̀wọ̀, ti Ìdó-Èkìtì. Owó oṣù ibẹ̀ ń tẹ̀ lé CONHESS, ìlànà owó oṣù tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún òṣìṣẹ́ ìlera, ó sì dára ju ti ìpínlẹ̀ púpọ̀ lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọn kì í dédé gbani. Àfi kí wọ́n gba àṣẹ láti òkè, kí wọ́n sì pín in káàkiri ìpínlẹ̀. Ìpolówó lè má jáde fún ọdún kan, kó wá jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n tì í láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ti pé nìkan ló máa ń bá a. Láàárín ìyẹn, wọ́n ń gba àwọn kan fún oṣù díẹ̀ díẹ̀ láìsí owó ìfẹ̀yìntì, mo sì gba èèyàn níyànjú láti gbà á, nítorí ẹni tó wà nínú ilé ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ìròyìn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé oyè òkè òkun ló máa gbé òun fò ju fọ́ọ̀mù lọ. Nígbà tí Kòfówórọlá Àbẹ̀ní Pratt padà dé láti London ní 1954, lẹ́yìn tó ti kọ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas', wọn ò kọ́kọ́ fẹ́ fún un ní ipò sístà, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó ń darí wọ́ọ̀dù, torí pé àwọn òyìnbó ni wọ́n ń fi sí i nígbà yẹn. Òun náà ló padà wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátíróònù UCH. Tiwọn, àwọ̀ ara ló dá wọn dúró. Tiwa, fáìlì ni.

Ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé ni àìní ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni owó ti máa ń já. Ẹ rántí ètò Midwives Service Scheme tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Wọ́n kó agbẹ̀bí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege, àwọn tí kò ríṣẹ́ àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lọ sí ìgbèríko, mẹ́rin mẹ́rin sí ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ìjọba àpapọ̀ ní òun á san 30,000 náírà lóṣù, kí ìpínlẹ̀ fi 20,000 sí i, kí ìbílẹ̀ sì fi 10,000 kún un. Owó àpapọ̀ ń dé, bó tilẹ̀ ń pẹ́. Ti àwọn méjì yòókù, ní ọ̀pọ̀ ibi, ìlérí lásán ni. Ọ̀pọ̀ agbẹ̀bí kò rí ilé gbé níbi tí wọ́n fi wọ́n sí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yọ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá fún ọmọ yín ní irú iṣẹ́ báyìí, kí ó béèrè ẹni tó máa san èyí tí ìpínlẹ̀ ń san, kó sì béèrè yàrá tó máa sùn sí, kó tó fọwọ́ síwèé.

Iléèwòsàn aládàáni ló tètè ń gbani. Níbẹ̀, ọ̀gá ló ń sọ iye. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti 2024 ni 70,000 náírà, mo sì mọ ibi tí wọ́n ti ń san owó tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ fún ẹni tó ń gba ẹ̀mí là lóru. Àwọn ńláńlá ní Ìkòyí àti Lẹ́kí ń san ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àwọn ni wọ́n sì fẹ́ràn ẹni tó ti Ìlú Ọba dé, nítorí àwọn oníbàárà wọn. Kí ẹni tó ń bọ̀ má fi pọ́n-ùn ṣírò o. Agbẹ̀bí tuntun lọ́hùn-ún ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 30,000 pọ́n-ùn lọ́dún. Ẹni tó bá ń sọ ọ́ di náírà lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ tún ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ilé ìgbẹ̀bí ti ara ẹni jẹ́ àlá ọ̀pọ̀ wọn. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege. Ó gba ọdún iṣẹ́, ó gba àṣẹ Kánsù, ìpínlẹ̀ á tún wá yẹ ilé náà wò. L'Ékòó, HEFAMAA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó àwọn iléèwòsàn, ló ń ṣe ìyẹn. Kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíì ná.

Ìdí tí mi ò fi ka iṣẹ́ abẹ́ àmójútó sí ìwọ̀sí

Nígbà tí Kánsù ní kí ọmọ àbúrò mi lọ ṣe tirẹ̀, iléèwòsàn ìjọba kan ni wọ́n gbé e lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, iná lọ láàárín òru, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ lílù ọkàn ọmọ kú lójijì. Aláboyún mẹ́rin ló ń rọbí lẹ́ẹ̀kan náà, agbẹ̀bí méjì ló wà lórí iṣẹ́. Lọ́hùn-ún, obìnrin kan sí agbẹ̀bí kan ni wọ́n kọ́ ọ bí ìrọbí bá ti le. Sístà àgbà kan na ìwo kékeré kan sí i, èyí tá à ń gbé lé ikùn ká tó fi etí sí i. Ó ní ó ti rí i nínú kíláàsì, kò tíì lò ó fún ẹni tó ń rọbí rí. Ó gbé e lé ikùn obìnrin àkọ́kọ́, kò gbọ́ nǹkan kan. Sístà fọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀: “Má mí. Fi etí rẹ tì í, yọ ọwọ́ rẹ kúrò lára ẹ̀.” Ó tún un gbé. Ó gbọ́ ọ.

Òun náà sì ní ohun tó kọ́ wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́yìn ìbímọ, àwa ń fojú díwọ̀n rẹ̀, ojú sì máa ń tan èèyàn. Òun a máa wọn gbogbo aṣọ tó bá rin lórí ìwọ̀n, a sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i ní oṣù kejì, ìwọ̀n kékeré kan, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, wà lórí tábìlì yàrá ìrọbí, kì í sì í ṣe òun ló rà á.

Ìwé àṣẹ rẹ̀ ti jáde báyìí. Iléèwòsàn náà ti gbà á fún oṣù mẹ́fà mẹ́fà, láìsí owó ìfẹ̀yìntì, ó sì ń fi òpin ọ̀sẹ̀ kọ́ àwọn aláboyún ní kíláàsì kan ní Bódìjà, èyí tó ń mówó wọlé fún un ju ti ìjọba lọ. Fọ́ọ̀mù iléèkọ́ nọ́ọ̀sì ṣì wà lórí fìríìjì mi, kò tíì kọ nǹkan kan sínú ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mátíróònù ti Èkó pè mí, ó ní ṣé ọmọ wa ti ríwèé gbà. Mo fún un ní nọ́ńbà rẹ̀.